Níbo La Ó Gbé E Sí? Ọ̀rọ̀ Ẹbọ, Ààtàn àti Pàǹtí Ilé Wa



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ wolé-wolé létí àwọn kan. Ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ Ifá ni. Bí èèyàn bá wá síwájú ọpọ́n, tí a dá Ifá fún un tán, ọ̀kan lára ohun tó máa ń fẹ́ mọ̀ ni èèwọ̀ rẹ̀. Kí ni mi ò gbọdọ̀ jẹ? Aṣọ wo ni mi ò gbọdọ̀ wọ̀? Ibo ni mi ò gbọdọ̀ dé? Ohun tó ń wọlé sára ẹni là ń bi Ifá. Ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn béèrè pé, kí ni mi ò gbọdọ̀ dà síta? Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jáde nílé wa lójoojúmọ́ ò kéré: ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, agolo mílíìkì, èèpo iṣu, ìrẹsì àná tó ti kan, bàtà tó já, ife tó fọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ohun tí mo ti dànù, ṣé ó ṣì jẹ́ tèmi? Àbí bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi yẹn, ó ti kúrò lọ́rùn mi náà nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹbọ, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Nígbà tí a bá ti kó gbogbo ohun ẹbọ jọ, tí a ti yẹ̀ ẹ́, tí a ti súre sí i, iṣẹ́ ò tíì tán. A ó tún béèrè lọ́wọ́ Ifá pé: níbo la ó gbé e sí? Ṣé ìdí Èṣù ni? Ṣé oríta ni? Ṣé etí odò ni, àbí ìdí igi, àbí ààtàn? Bí Ifá bá ní oríta, a kì í gbé e lọ sí ààtàn torí pé ààtàn ló sún mọ́ ilé. Ẹbọ tí a rú dáadáa, tí a wá gbé síbi tí kò yẹ, àwọn àgbà ní kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ó tiẹ̀ lè di wàhálà sí ẹni tó rú u lọ́rùn, àti sí ẹni ẹlẹ́ni tó bá kọ lù ú lọ́nà.

Ẹ wo ohun tí ìlànà yìí ń sọ. Nínú iṣẹ́ Awo, kò sí ohun tó ń kúrò lọ́wọ́ wa láìní ibi tó ń lọ, àti ẹni tí yóò gbà á. Gbígbé e jáde wà lára ẹbọ gan-an. Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwa kan náà tí à ń fi ìbò béèrè ibi tí a ó gbé àkàrà mẹ́ta àti ẹyin kan sí, àwa la tún ń ju odidi àpò pàǹtírí sínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ṣú, tí a ó sì wọlé lọ sùn. Ta la bi? Ta ló sọ pé gọ́tà ló gbà?

Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe ń sọ ọ́: a ní a dà á nù. "Nù" yẹn, kó sọnù ni, kó má ṣeé rí mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò rí i mọ́? Èmi tí mo dà á ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò ń rí i. Ewúrẹ́ tó gbé ọ̀rá mì ń rí i. Ẹja inú ọ̀sà ń rí i. Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ da omi síta lóru, wọ́n á kọ́kọ́ ké pé "Àgò o!" kí wọ́n tó dà á, torí wọ́n ní ẹni tí ojú ò rí lè máa kọjá. Ẹlòmíì á ní ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà ò rí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó gbà pé ẹnì kan wà ní òdìkejì ohun tí òun fẹ́ dà, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Àwa tí a mọ orúkọ àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ wa, tí a mọ̀ pé ọmọ èèyàn ń gbébẹ̀, a kì í ké àgò fún wọn.

Ará Ìbàdàn ló lè sọ èyí jù. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún ya ìgboro, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún yalé nílùú kan náà, ẹ̀mí tó sọnù lé ní 100. Mi ò ní sọ pé pàǹtí nìkan ló fà á. Òjò náà pọ̀ jù lóòótọ́, ilé tí a kọ́ mọ́ etí odò sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí àwa èèyàn ti ń dà sínú odò àti gọ́tà láti ọdún gbọọrọ wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ náà dáa, àmọ́ ti gọ́tà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó wà lókè ló da omi, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe tó bá èyí mu ni èyí tó ní ẹni tó ṣu á gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Ibi tí ọ̀rọ̀ pàǹtí ti di ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn. Bí ìyà rẹ̀ bá ń jẹ ẹni tó dà á nìkan ni, à bá ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àti àìgbọ́n lásán ni.

Àwọn kan á wá sọ pé, "Ṣebí àwọn baba wa náà da ilẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí nǹkan tó ṣe wọ́n." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ náà tán. Mi ò rò pé ọwọ́ àwọn baba wa mọ́ ju tiwa lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kò ní sí ìdí tí wolé-wolé fi ń gba ojúlé kan bọ́ sí òmíràn láyé òyìnbó, tó ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń dà. Ewé eéran tí wọ́n fi pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀, ewé tí wọ́n fi di ẹ̀kọ, eérú àdògán, èèpo iṣu, pòpórò àgbàdo, àkísà òwú, igbá tó fọ́: ilẹ̀ ló ni gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ sì mọ bó ṣe ń gbà á padà. Òjò á rọ̀ sí i, ekòló á wọ̀ ọ́, títí ọdún á fi yí po ààtàn ti di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ìdí nìyẹn tí tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ fi máa ń hù lórí ààtàn láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Ìdí nìyẹn náà tí ààtàn fi jẹ́ ojú ibi tó lọ́wọ̀ lọ́dọ̀ àwa awo, tí a máa ń gbé ìpèsè lọ síbẹ̀. Ibi tí ohun tó ti kú ti ń di ohun tó yè ni.

Ọ̀rá ò mọ ọ̀nà yẹn. Ẹ wú ilẹ̀ níbi tí a da pàǹtí sí ní ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ ó bá a níbẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Lónìí, ààtàn ti ń kọ̀ ọ́, àwa ni a ò gbọ́. Ìwà mímọ́ tí a rò pé ó wà lọ́wọ́ àwọn baba wa, ara ewé ló wà. Àwa tí ewé ti kúrò lọ́wọ́ wa, a ní láti fi ọgbọ́n àti ìpinnu ṣe ohun tí ewé ń bá wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tuntun ni, a ò lè fi àṣà àtijọ́ sá fún un.

Ẹ̀hónú kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n á ní, "Baba, kí ni ọ̀rá kan ṣoṣo tèmi nínú gbogbo ìdọ̀tí ayé? LAWMA fúnra wọn máa ń sọ pé pàǹtí tó ń jáde ní Èkó lójúmọ́ ju 13,000 tọ́ọ̀nù lọ. Iléeṣẹ́ ló ń ṣe ọ̀rá, ìjọba ló yẹ kó kó o. Kí ló kan ìyá aláta?" Mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, torí ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹni tí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí ò dé àdúgbò rẹ̀ rí, tó jẹ́ pé omi inú ọ̀rá nìkan ni omi tó ṣeé mu ní sàkáání rẹ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ ò lè tó ti ẹni tó ní owó tó sì ní àyè. Ìlànà Ifá gan-an ò ka èèyàn bákan náà. Bí aláìní bá wá, tí ewúrẹ́ sì jáde lẹ́bọ rẹ̀, a máa ń bi Ifá bóyá yóò gba àkùkọ, bóyá yóò gba ẹyẹlé, tàbí omi tútù àti obì. Agbára ẹni là ń fi rúbọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹbọ lè kéré, a kì í ní kò sí ẹbọ rárá. Ti iléeṣẹ́ wà lọ́rùn iléeṣẹ́, ti ìjọba wà lọ́rùn ìjọba. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ike fúnfun tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìpín tiwọn ni wọ́n gbé yẹn. Ìpín tèmi ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní torí pé ìjọba ò ṣe tirẹ̀ lòun náà ò ṣe ní ṣe, ó ti di ọ̀bùn tó ríkú ọkọ tìrànmọ́, tó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀. Àti pé díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Gọ́tà tó dí, ọ̀rá kan ṣoṣo kọ́ ló dí i, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá náà tí kì í ṣe ọ̀rá ẹnì kan ṣoṣo.

Ibí ni mo fẹ́ ká ti rántí ìtàn Gúnnugún. Kálukú ló ní bó ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀, egungun ìtàn náà nìyí. Ilẹ̀ àti Ọ̀run jọ ṣọdẹ, èmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n pa, wọ́n wá ń jà sí i pé ta ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀run bínú, ó lọ, òjò kọ̀, kò rọ̀ mọ́. Oko gbẹ, odò gbẹ. Ayé rúbọ, ó ku ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀run. Ẹyẹ tó lẹ́wà gbìyànjú, kò lè gbé e. Gúnnugún ló gbé e dé. Kó tó padà délé, òjò ti ń ya bolẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ẹyẹ tibí, wọn ò ṣí i. Ó kan ti tọ̀hún, wọ́n ṣá a lórí. Orí tó pá títí dòní, ìyà tí a fi san oore fún un ni.

Kò sí awo tí kò mọ̀ pé ẹyẹ tó gbé ẹbọ ayé ni ẹyẹ tó ń jẹ pàǹtí ayé. Ẹran tó kú, ìfun tí alápatà dà síta, òun ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí àrùn tó dé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń ba lórí òrùlé ọjà àti ibi ìpaẹran lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ wo òkè lónìí, mélòó lẹ rí? Ní ọdún 2015, àjọ IUCN ka irú gúnnugún tó máa ń bá èèyàn gbé nílẹ̀ wa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà létí àtirun pátápátá. Lára ohun tó ń pa wọ́n ni májèlé, lára rẹ̀ náà sì ni àwa: orí gúnnugún tí wọ́n ń tà lọ́jà elégbòogi, oníṣègùn ló ń rà á. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Ta ni yóò gbé ẹbọ dé ọ̀run fún ẹni tó ti fi orí ẹni tó ń gbé e ṣe oògùn owó?

Gúnnugún tó wà láàrin ọmọ èèyàn náà ńkọ́? Láyé agbépòó, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Lónìí, ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri, ìyá onígò, àwọn tó ń ṣa ike lórí ààtàn Olúsósùn l'Ójòta, wọ́n ń gbé ohun tí a ò fẹ́ rí mọ́ lọ, a sì ń dí imú fún wọn. À ń sọ abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́ sínú àpò láìdì í, kó gún wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ Gúnnugún náà ni. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó rọrùn jù: di ohun mímú sínú páálí tàbí agolo, kí o sì sọ fún ẹni tó ń kó o. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Àwọn yòókù náà ò le. Gbé agbọ̀n tàbí àpò aṣọ lọ sọ́jà, kí o sọ fún ẹlẹ́ran pé kó bù ú sí abọ́ tí o gbé wá. Ka orí kí o tó wọn ìrẹsì, torí oúnjẹ tí a sè ní àsèjù ló ń dé orí ààtàn jù nílé ọlọ́mọ; ìyókù èbà ò yẹ kó jẹ́ ti gọ́tà. Bí agbára bá gbé e, ra kúlà ńlá, kí ilé máa fi ife bu omi mu, kó má jẹ́ pé gbogbo òǹgbẹ ló ń bí ọ̀rá kan. Pín pàǹtí sí méjì láti ilé ìdáná, ohun tó ń jẹrà lọ́tọ̀, ohun tí kì í jẹrà lọ́tọ̀. Èèpo iṣu àti èèpo gbágùúdá tí a ti sá gbẹ jẹ́ ti ewúrẹ́. Ìyókù, gbẹ́ ihò tó jìn tó orúnkún sẹ́yìnkùlé, da èèpo ẹ̀fọ́ àti ti èso sí i, da ewé gbígbẹ lé e, bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó, wọ́n omi sí i bó bá gbẹ jù, máa rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Má fi ẹran tàbí ọbẹ̀ olóróró sí i, eku á dé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, yóò dúdú, yóò máa rùn bí ilẹ̀ igbó, ata rẹ á sì mọ̀ ọ́n lójú. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a sun di eérú, alọ́ṣẹ dúdú ń wá a. Ìgò, agolo àti ike, tọ́jú wọn de ẹni tó ń rà wọ́n. Bàtà tó já, gbé e fún ṣúméékà. Aṣọ tó ya, ọbíọmá ń kọjá. Má dáná sun ọ̀rá, èéfín rẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ rẹ tàbí ti aládùúgbò.

Ó wá ku àwa awo. Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ lọ sí etí odò tàbí oríta lọ́jọ́ òní, ẹ ó rí ẹbọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ t'ọ̀rá-t'ọ̀rá, ìgò ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ike epo lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yẹ ti jẹ àkàrà tán, èèrà ti kó epo lọ, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. A jẹ́ pé ìdajì ẹbọ ló dà, ìdajì yòókù ò rí ẹni gbà á. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, odò ló wà láàrin rẹ̀, odò náà sì ni òrìṣà. Báwo lèèyàn ṣe ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ìyá, tó tún ń ju ọ̀rá lé e lójú? Ẹ fi ewé di ẹbọ. Ẹ lo igbá, ẹ lo ìkòkò amọ̀. Epo tẹ́ ẹ gbé lọ nínú ike, ẹ ta á sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ike padà wálé. Kò sí òrìṣà tó ń jẹ ọ̀rá.

Ẹ ò rí i pé èèwọ̀ tí a ò béèrè ti ń dáhùn ara rẹ̀? Ohun tí mo dànù ṣì jẹ́ tèmi títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó lè gbà á láìpalára. Bí ilẹ̀ bá gbà á, ó ti dà. Bí onígò bá gbà á, ó ti dà. Bó bá jẹ́ gọ́tà ló há sí, orúkọ mi ṣì wà lára rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kà á. Ìbéèrè tí a ń bi Ifá lórí ẹbọ, ká máa bi ara wa lórí ọ̀rá pẹ̀lú, kí ọwọ́ tó tú u sílẹ̀: níbo la ó gbé e sí? Ìbéèrè yẹn ò gba ìbò, kò gba ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ìwà ló ń dáhùn rẹ̀.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí omi tí a dà wá gbé ọmọ ẹlòmíì lọ. Kí Ilẹ̀ gbà wá nígbà tó bá kan wa, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gba ewé. Kí ẹbọ wa fín, kó dà, kó dé ibi tó ń lọ.

Àṣẹ o. Àbọrú àbọyè.